Ìwé Ìgbélùú Káfíńtà

Ìjọba bi Ìyàwó Káfíńtà léèrè ọ̀rọ̀ títí ẹnu ẹ̀ fi fẹ́ bó. Níbo lẹ ti pàdé? Ta ló mú yín mọra? Àwọn wo ló wá síbi ìgbéyàwó, fọ́tò dà, kí ló dé tí ọkọ ò rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò? Ẹ tiẹ̀ gbọ́ mi ná, ọkùnrin tí bàtà tuntun ti ń fún lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀, ẹ̀rín wo lẹ fẹ́ kó rín? Obìnrin náà kọ ìyẹn náà sílẹ̀, pé bàtà ló fún ọkọ òun lẹ́sẹ̀. Ó fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà. Wọ́n ní irú fọ́ọ̀mù tó fi kọ ọ́ ti di ti àtijọ́, tuntun ti jáde, kó tún gbogbo ẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo lobìnrin yìí ń wá. Kò wá ọlà, kò wá oyè. Ó fẹ́ kí ọkọ òun wà lọ́dọ̀ òun, kí ìjọba fún un ní ìwé ìgbélùú, ìwé tó máa sọ pé kò sẹ́ni tó lè lé e mọ́, kí wọ́n jọ máa gbé bíi tọkọtaya. Ó tán. Òun ti gba tirẹ̀ ní tiẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń wẹ̀ fún wọn, tó ń pààrọ̀ aṣọ fún wọn, tó ń gbé wọn láti orí ibùsùn sórí kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ onílùú kì í fẹ́ ṣe. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló fi san owó ìwé ọ̀hún, tí ẹ bá fẹ́ òótọ́. Wọ́n wá sọ fún un pé tó bá fẹ́ mú ọkọ wá, kó ṣe onídùúró fún un, kó sì fi hàn wọ́n pé ọkọ òun ni lóòótọ́, pé kì í ṣe ìgbéyàwó àdéhùn torí ìwé.

Lóòótọ́ kẹ̀! Ìyàwó tí wọ́n gbé fún ọkọ lójú ìyá, lójú bàbá, lójú gbogbo àdúgbò! Ṣùgbọ́n ìjọba ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tí kò sì sí níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òun ló máa ń béèrè jù.

Wọ́n wá ń dúró. Háà, ìdúró! Káfíńtà wà nílé, ìyàwó wà nídàálẹ̀, fóònù wà láàárín wọn bí alárinà. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ kú àárọ̀. Tílẹ̀ bá ṣú, ó dàárọ̀. Tí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ gidi tó fẹ́ sọ, nẹ́tíwọọ̀kì á já. Ìyá ọkọ á gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀, á ní, "Ìyàwó, ìwé ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀, Màmá."

"Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?"

Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á pa fóònù, á jókòó sétí ibùsùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, kò ní lè bọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó ń sunkún. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Àárẹ̀ kan wà tí oorun ò lè wò, ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ ohun tí mò ń wí.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Wọ́n jẹ́ kí ọkọ wọlé. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fún un kì í ṣe ojúlówó, ti ìgbà díẹ̀ ni. Ẹ máa gbé pọ̀ ná, àwa á máa wò yín, ohun tí wọ́n wí nìyẹn. Tó bá yá, wọ́n á pe àwọn méjèèjì, wọ́n á bi olúkúlùkù léèrè ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ọ̀rọ̀ wọn bá bára mu, ọkọ gba ìwé ìgbélùú. Tí kò bá bára mu, ọkọ á padà síbi tó ti wá, ìyàwó ò sì ní lè dúró fún un mọ́ títí ọjọ́ á fi gorí ọjọ́. Ohun tó wà níwájú wọn nìyẹn látọjọ́ tí Káfíńtà ti balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Káfíńtà jẹ́ fún yín. Nílé, ó ní ṣọ́ọ̀bù létí ọ̀nà, ó ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta. Tí wọ́n bá gbé pákó wá fún un, á fi ìka kàn án kó-kó-kó, á gbé etí lé e, á ní, "Gbé e padà, inú ẹ̀ ti jẹrà." Àwọn tó ń ta pákó kórìíra ẹ̀ bí ìgbẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń sọ̀rọ̀, ó máa ń bá igi jà, ó máa ń bú ọmọṣẹ́, ó máa ń bi ẹni tó ń kọjá lọ léèrè ìyá ẹ̀ àti bàbá ẹ̀. Ariwo ẹ̀ ni ìyàwó ẹ̀ fi fẹ́ ẹ, òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Níbí, wọ́n bá a wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Inú ìyàwó dùn, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ òun ló bọ́ sí. Iṣẹ́ ọwọ́ wo? Ẹ̀rọ ló ń gé e, ẹ̀rọ ló ń lu ú. Páálí á máa sáré kọjá níwájú Káfíńtà, tirẹ̀ ni kó ju ọ̀rá ìṣó kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀. Kó tó ju ọ̀kan tán, òmíràn ti dé. Igi ọ̀hún pàápàá kì í ṣe igi, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni.

"Kò ní òórùn," ló sọ fún ìyàwó ẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. "Odidi ilé tó kún fún igi, mi ò gbóòórùn igi."

"Ẹ fara dà á, ọkọ mi," ni ìyàwó ẹ̀ wí. "Tí ìwé bá ti jáde, ẹ máa rí iṣẹ́ gidi."

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí Káfíńtà bá sọ, èsì kan náà ni. Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Tí ìwé bá ti jáde. Ọ̀gá mi ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Tí ìwé bá ti jáde. Mi ò rí ẹni bá ṣeré. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ìwé jáde ná. Nígbà tó yá, Káfíńtà ò sọ nǹkan kan mọ́. Ọkùnrin tó máa ń bá pákó jà, ó wá ń jókòó sí pálọ̀ kékeré náà, ó ń wo ògiri, ó pa lọ́lọ́. Ìyàwó ẹ̀ rò pé ó ti ń mọ́ ọn lára ni.

Tàbí kí n sọ pé kò ráyè rò ó rárá. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ọkọ ń ṣe ti ọ̀sán. Bí ìyàwó bá ń ti ẹnu ọ̀nà wọlé láàárọ̀, ọkọ ń wọ bàtà lọ́wọ́. "Kú àbọ̀. Omi gbígbóná wà nínú kẹ́tùlù." "Ẹ ṣeun. Òtútù mú lónìí, ẹ wọ kóòtù." Ó lọ. Obìnrin náà á dùbúlẹ̀ síbi tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò, ibẹ̀ á ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́, ọkọ náà á dé, á bá ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tirẹ̀. Ibùsùn kan ṣoṣo, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí ọlọ́dẹ tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ. Ọjọ́ ìsinmi wọn kì í pa pọ̀. Tó bá sì ṣèèṣì pa pọ̀, ẹnì kan á máa sùn, ẹnì kejì á lọ fọṣọ.

Ẹ ò rí ayé bí? Ẹni tó fi ọdún gbọọrọ bẹ̀bẹ̀ kí ọkọ òun wá, ọkọ dé tán, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé.

Lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, wọ́n pè wọ́n. Ọjọ́ tí obìnrin náà gbọ́, orí ìdúró ló wà ní ilé ìtọ́jú, ó di ìyá arúgbó kan mú lápá, kò lè fò sókè. Ó kàn ń sọ ọ́ nínú ara ẹ̀ pé, ó ti kù díẹ̀, ó ti kù díẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ti sọ irú ohun tí wọ́n máa ń béèrè fún un: àwọ̀ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ẹni tó ń da ilẹ̀ nù, ohun tí ọkọ ń mu láàárọ̀. Ló bá gba àyè lọ́jọ́ Àìkú kan, òun àti ọkọ ẹ̀ jókòó ní kíṣìnnì, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ara wọn.

"Àwọ̀ búrọ́ọ̀ṣì mi?" ni ìyàwó wí.

"Aláwọ̀ ewé."

"Ti àtijọ́ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti jù ú nù. Pupa ni."

"O ò sọ fún mi."

"Ṣé ó yẹ kí n máa wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó yín létí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn. Káfíńtà bi í léèrè iye ṣúgà tí òun ń fi sí tíì, obìnrin náà ní méjì, Káfíńtà ní òun ò fi ṣúgà sí i mọ́ látìgbà tí òun ti dé. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èyí ò pẹ́ lẹ́nu wọn. Káfíńtà gbé ife sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ sọ."

"Ẹ jẹ́ ká parí èyí ná," lobìnrin náà wí. "Tí ìwé bá ti jáde, a máa sọ gbogbo ẹ̀."

Káfíńtà gbé ife ẹ̀ padà.

Ọjọ́ pé. Ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀de náà, àga ẹ̀ jẹ́ irú àga tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ jí i gbé. Káfíńtà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àga tirẹ̀, ó mi orí. Wọ́n pe ìyàwó wọlé lákọ̀ọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, tó so gíláàsì mọ́ okùn lọ́rùn, ló bá sọ ọ́ ní Onígíláàsì nínú ọkàn ẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, ó sì hàn lójú ẹ̀ pé ó rẹ òun náà.

Àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Búrọ́ọ̀ṣì, pupa. Ṣúgà, kò sí. Ó ń dá wọn lóhùn bí ọmọ iléèwé tó kàwé sùn.

"Ẹ̀gbẹ́ wo lọkọ rẹ ń sùn sí lórí ibùsùn?"

"Àárín."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà, àárín ni."

Onígíláàsì gbójú sókè. Obìnrin náà sáré ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀sán àti iṣẹ́ alẹ́. Bó ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ ló ń gbọ́ ọ létí ara ẹ̀, bó ṣe dún, àfi bí ẹni pé àjèjì méjì ló háyà yàrá. Onígíláàsì kọ nǹkan sílẹ̀, ohun tó kọ sì gùn ju ohun tí wọ́n sọ fún un lọ.

"Ọkọ rẹ ní àbúrò obìnrin. Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Eyínfúnjowó," ni Ìyàwó Káfíńtà dáhùn, kíá, láìronú.

"Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin?"

"Akọ̀wé."

Onígíláàsì wo ìwé iwájú ẹ̀. Ó gbé gíláàsì sójú, ó tún un wò. "Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ọ̀kankan nínú orúkọ méjèèjì yìí nínú ẹbí tí ọkọ rẹ kọ fún wa."

Ọkàn obìnrin náà já wàì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ mọ̀. Ṣé ìyàwó ilé lè la ẹnu pe ẹni tó bá nílé lórúkọ? Ọmọ tó ń rákò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé, ọkọ ìyàwó ni, kí ìyàwó yáa wá orúkọ ẹ̀yẹ kan fún un. Lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, àbúrò ọkọ ẹ̀ yìí gbé omi wá fún un, ó rẹ́rìn-ín, eyín funfun báláú, ló bá di Eyínfúnjowó. Àbúrò ọkùnrin ń kó ìwé kiri abíyá, ló bá di Akọ̀wé. Kò pè wọ́n ní nǹkan mìíràn rí. Orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, ẹ má sọ pé kò mọ̀ ọ́n o, ó mọ̀ ọ́n, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n ó wá a lórí ahọ́n, kò bá a níbẹ̀. Ẹ̀rù ti gbé e lọ. Orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi. Èyí tó wu ìyàwó ló wá fẹ́ lé ọkọ kúrò nílùú.

"Nílé wa," ló wí, "ìyàwó kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ."

"Ẹ kì í pe ara yín lórúkọ?"

"Àwọn ni èmi kì í pè. Àwọn tí mo bá nílé."

"Tí ẹ ò bá pe ara yín lórúkọ," ni Onígíláàsì béèrè, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni, "báwo lo ṣe wá mọ̀ wọ́n?"

Obìnrin náà jókòó síbẹ̀, ọwọ́ lórí itan. Ó ro gbogbo ohun tó ti kọ sílẹ̀, gbogbo fọ́tò, bàtà tó fún lẹ́sẹ̀, gbogbo arúgbó tó ti gbé sókè tó ti gbé sílẹ̀. Ó ní nínú ara ẹ̀ pé, Olúwa, ṣé orí eyín àbúrò ọkọ ni gbogbo ẹ̀ máa wá forí ṣánpọ́n sí? Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún fẹ́ pa á, kò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ jáde.

Wọ́n pe Káfíńtà wọlé. Onígíláàsì bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń jẹ́ Eyínfúnjowó.

"Àbúrò mi ni," ni Káfíńtà wí. "Ìyàwó mi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

Onígíláàsì ò tíì gbà. Ó ní ẹni méjì lè sọ̀rọ̀ gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ro ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, ó fi gíláàsì lu tábìlì jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ lè pe àbúrò obìnrin náà báyìí? Ẹ jẹ́ kí ohùn ẹ̀ jáde síta. Èmi ni máa bi í, kí ẹ̀yin méjèèjì dákẹ́."

Ẹ̀yin ẹ wo orí tó ń bá ni ṣe é! Àbúrò ọkọ yìí, tíṣà ni, ó gbọ́ èdè Onígíláàsì bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e. Onígíláàsì sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un, ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni: kí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń pè ọ́?

Àbúrò ọkọ bú sẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. "Eyínfúnjowó ni! Kò mọ̀ mí sí orúkọ mìíràn. Ọjọ́ tó dé ilé wa ló ti rí eyín mi tó sọ mí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ló ń pe àbúrò wa ọkùnrin, ọmọ yẹn ò sì mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀."

Onígíláàsì náà rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ gíláàsì, ó pa ìwé dé. Ó ní ó tó, ó ní wọ́n lè kí ara wọn, òun ń wá òǹtẹ̀. Ìyàwó Káfíńtà mí kanlẹ̀. Ara ẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹ̀.

"Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Àbúrò ọkọ ti yí ohùn padà sí tilé.

"Mo wà níbí, Eyínfúnjowó mi. Ẹ kú ilé o. Ẹ ṣeun, ẹ ti gbà mí lónìí."

"Kí la ṣe? Ẹ̀yin la fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Màmá ní kí n bá wọn dúpẹ́ gidigidi, pé irú obìnrin bíi tiyín ò wọ́pọ̀. Ẹni tó rí i pé ara ọkọ òun ò balẹ̀ níbẹ̀ yẹn, tó gbà pé kó máa bọ̀ nílé. Ẹlòmíì ò ní gbà láéláé. A ti gbá ṣọ́ọ̀bù mọ́, ọmọṣẹ́ méjì ti ní àwọn ń padà bọ̀. Àjò kì í dùn kónílé má rèlé. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yin náà tètè tẹ̀lé ọkọ yín bọ̀ o."

Káfíńtà ń wo ilẹ̀. Onígíláàsì ń wo ẹnu fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, torí pé ohùn ìfẹ́ ló ń gbọ́, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Ìyàwó Káfíńtà wo ọkọ ẹ̀. Ó wo òǹtẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Onígíláàsì. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ ní èdè obìnrin yẹn, gbogbo ẹ̀ á sì dà nù. Ẹ̀rín tó wà lójú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò jẹ́ kó kúrò níbẹ̀.

"Àmín o," ló wí. "Ẹ bá mi kí Màmá."

Òǹtẹ̀ balẹ̀, gbì. Onígíláàsì ní òun ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n kò sí èdè tí èèyàn ò ti lè mọ̀ tí ẹbí bá fẹ́ràn ẹni. Ó ní ìwé ìgbélùú náà máa bá wọn nílé. Ó bọ obìnrin náà lọ́wọ́. "Inú rẹ á dùn," ló wí.

"Inú mi dùn gan-an."

Wọ́n rìn dé ibùdókọ̀. Òòrùn wà lókè, kò mú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àpò ìwé wà láàárín wọn.

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ Àìkú yẹn," ni Káfíńtà wí.

"Ẹ ti lọ sọ fún wọn pé mo ti gbà."

"Màmá ló ń yọ mí lẹ́nu pé ṣé o mọ̀ sí i. Mo ní o mọ̀."

"Ẹ parọ́ mọ́ mi."

"Mo parọ́ mọ́ ẹ. Má bínú."

Ó sì bínú! Inú bí i débi pé ó fi ọwọ́ há abẹ́ itan. Ó ní, "Kí la wá wá ṣe síbí nígbà náà? Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n máa há búrọ́ọ̀ṣì sórí bí ọmọdé? Ẹ jẹ́ kí ọkàn mi fẹ́ já níwájú obìnrin yẹn!"

"Torí tìẹ ni," ni Káfíńtà wí. "O ti ṣe wàhálà jù. Mo ní kí n bá ẹ gbà á ná. Kó má lọ di pé wọ́n lé mi, kí wọ́n wá máa fojú onírọ́ wò ẹ́ nílùú wọn."

"Kí lẹ fẹ́ kí n fi ìwé yín ṣe? Kí n máa sùn tì í?"

Bọ́ọ̀sì kan dé, kì í ṣe tiwọn, ó lọ. Obìnrin kan tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ kí wọn, wọ́n dá a lóhùn. Ìbínú náà ò pẹ́ lára obìnrin yìí. Kò ní agbára tó lè fi tọ́jú ẹ̀. Ohun tó wá dípò ẹ̀ ló burú. Ó wá rí i pé ìjọba ti bi òun ní gbogbo ìbéèrè tó wà láyé nípa ọkùnrin yìí, òun sì ti dáhùn gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, ìjọba ò béèrè, òun náà ò béèrè.

"Ọkọ mi," ló wí, "ṣé ẹ tiẹ̀ fẹ́ wá síbí?"

Káfíńtà wo ọ̀nà títí. "Ìwọ ni mo fẹ́ wá bá," ló wí. "Mo dé, mi ò bá ẹ."

Omijé já bọ́ lójú ìyàwó, kò nù ún. Òótọ́ ni. Ọdún tí wọ́n fi wà lọ́nà jíjìn, ó mọ ohùn ọkọ ẹ̀, ó mọ ìgbà tó bá ń bínú, ìgbà tó bá ń parọ́. Látìgbà tí wọ́n ti wà nínú ilé kan, kẹ́tùlù ló mọ̀.

"Tí o bá ní kí n dúró," ni Káfíńtà wí, "màá dúró. Mi ò ní ráhùn."

Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Tí òun bá la ẹnu pé ẹ dúró, ọkùnrin yìí á dúró, á máa ju ọ̀rá ìṣó sínú páálí títí á fi darúgbó, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ó mú ọwọ́ ọkọ ẹ̀, ó ṣí i. Àtẹ́lẹwọ́ tó máa ń le koko bí èèpo igi, ó ti rọ̀, kò sí àpá iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ó pa á dé padà.

"Ẹ máa lọ," ló wí.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá tẹ̀lé mi?"

"Mi ò mọ̀. Ó rẹ̀ mí jù láti mọ̀ ọ́n lónìí." Ó mú fóònù, ó pe ibi iṣẹ́. Ó ní òun ò ní lè wá lálẹ́ yìí. Wọ́n béèrè bóyá ara ẹ̀ ò yá, ó ní ara òun yá, òun ò kàn ní wá ni, ó sì pa á kí wọ́n tó fèsì. Ó yíjú sí ọkọ ẹ̀.

"Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ lónìí. Lónìí, ẹ jẹ́ ká jọ sùn."

Bọ́ọ̀sì wọn dé. Káfíńtà gbé àpò ìwé, ó di ìyàwó ẹ̀ mú lápá, wọ́n wọlé.